Fèrè Ti Dún fún Sójà Tó Kú, Ìyàwó Rẹ̀ Ńkọ́?

Lọ́dọọdún, bí ó bá ti di ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, ẹni tó bá fẹ́ gba iwájú ọ́fíìsì gómìnà kọjá ní ọ̀pọ̀ olú-ìlú ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá yóò rí i pé wọ́n ti dí ọ̀nà pa. Àwọn sójà, àwọn ọlọ́pàá, àti àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ogun á tò sínú oòrùn, aṣọ wọn á gún régé, mẹ́dàálì á kún àyà àwọn bàbá náà. Gómìnà á gbé òdòdó sílẹ̀ níwájú ère sójà. Wọ́n á fun fèrè kan báyìí tó jẹ́ pé ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ohun tí fèrè náà ń wí, omi á lé ròrò sí i lójú. Gbogbo èèyàn á dákẹ́ lọ lọ́ọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ìbọn á dún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ kó máa fò lọ, pé ogun ti tán, àlàáfíà ló kù. Ti Àbújá ló tóbi jù, nítorí Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀ pé wọ́n tú ẹyẹlé sílẹ̀, ẹyẹlé ní òun ò lọ, ó dúró síbẹ̀ ó ń wo àwọn ẹni ńlá lójú. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà rín káàkiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, àwọn ọlọ́jà ti pàtẹ, àwọn dẹ́rẹ́bà sì ń bínú pé ta ló tún dí ọ̀nà. Ọjọ́ náà kì í ṣe họ́lidé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ju pé àwọn sójà ń ṣe nǹkan kan lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá sì gbọ́ pé ìrántí àwọn akọni tó kú ni, ó yẹ kó bèèrè pé: akọni wo? Kí lorúkọ rẹ̀? Agboolé wo ló ti jáde? Ta ló fi sílẹ̀ sílé?

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí a dá láìmọ orúkọ ẹni tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, irú ọpẹ́ wo nìyẹn? Bí ẹnì kan bá fa ọmọ ẹni yọ nínú iná tí òun fúnra rẹ̀ sì jóná síbẹ̀, ilé rẹ̀ là ń lọ. A ó kí ìyá rẹ̀, a ó kí ìyàwó rẹ̀, a ó bèèrè pé kí ni àwọn ọmọ ń jẹ. Kò sẹ́ni tó máa dúró lójú títì, kó fun fèrè, kó sì padà sílé lọ sùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kúrò nílẹ̀. Nígbà ayé Òyìnbó, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe ìrántí yìí, nítorí pé ọjọ́ yẹn ní ọdún 1918, ní aago 11 òwúrọ̀, ni ìbọn dákẹ́ nínú ogun Jámánì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni ìjọba Nàìjíríà yí i sí 15 oṣù kìn-ín-ní. Ọjọ́ náà ní ọdún 1970 ni Philip Effiong àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí Dodan Barracks l'Ékòó, tí wọ́n sọ níwájú Ọ̀gágun Gowon pé Biafra ti tán. Ogun oṣù 30 parí. Gowon ní kò sẹ́ni tó borí, kò sẹ́ni tí wọ́n borí.

Ọjọ́ yẹn ní ìtàn mìíràn nínú, èyí tí àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ lórí pèpéle kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Òru mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966 ni àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá sójà kan dìtẹ̀. N'Íbàdàn, wọ́n pa Akíntọ́lá. Ní Kàdúná, wọ́n yìnbọn pa Brigadier Samuel Adémúlẹ́gùn, ọmọ Oǹdó, òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Shodeinde náà ní ìlú kan náà. Sójà ni wọ́n, sójà ẹgbẹ́ wọn ló sì pa wọ́n. Ṣé a ó yọ wọ́n kúrò nínú àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ni? Àwọn ọmọkùnrin tó wọ aṣọ Biafra tí wọ́n kú sínú igbó ńkọ́? Àwọn náà ní ìyá. Ọdún 2000 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ tó sọ lílé tí wọ́n lé àwọn ọ̀gá sójà tó bá Biafra jà di ìfẹ̀yìntì, ìyẹn 30 ọdún gbáko lẹ́yìn ogun. Kò sí bí ẹnì kan ṣe lè pe ìyẹn ní kíákíá.

Àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn, ẹ̀yin tilẹ̀ ń dárúkọ ojú ogun lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ẹni tó ń lọ sí Ọbáléńdé mọ Dodan. Ará Àpápá mọ Arakan. Ará Yábàá mọ Myhoung, tí kálukú ń pè bí ó ṣe rọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ará Ìbàdàn mọ Letmauk. Bí ẹ bá bi kọ̀ndọ́ pé kí nìtumọ̀ rẹ̀, á ní, "Alàgbà, orúkọ báráàkì ni, ẹ wọlé jàre." Orúkọ báráàkì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bọ́mà ni orúkọ ti wá, níbi tí àwọn bàbá wa ti lọ jagun nígbà ogun Hítílà.

Bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Òyìnbó kó lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Japan jà, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì ni, wọ́n ń pe ọ̀kan ní 81, wọ́n ń pe èkejì ní 82. Àwọn 81 ni wọ́n ní kó lọ gba àfonífojì odò Kaladan. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀, òkè ni, igbó ni, òjò ni. Àwọn èèyàn wa fi ọwọ́ la ọ̀nà tó gùn ju 70 máìlì lọ, wọ́n sì ń fi orí ru ọta ìbọn àti oúnjẹ bí ẹni ń ti oko bọ̀. Orúkọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n fi sọ ọ̀nà náà. Ohun tó ya àwọn Òyìnbó lẹ́nu nìyẹn, pé èèyàn lè fi orí ru ogun gun òkè.

Ọmọ Èmùré-Ilé kan wà nínú wọn, ìlú tó wà nítòsí Ọ̀wọ̀. Isaac Fadoyebo lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní 1942. Wọ́n fi í sí ẹ̀ka àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó bá gbọgbẹ́, kì í ṣe òun gan-an ló ń yìnbọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, wọ́n wà létí odò Kaladan nígbà tí àwọn ará Japan yọ sí wọn lójijì. Ọta ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ó bà á níkùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kú níṣojú rẹ̀, àwọn mìíràn sá àsálà. Ó ku òun nìkan àti ọmọ Sàró kan tó ń jẹ́ David Kargbo, tí ọta bà lára bákan náà, nínú igbó ilẹ̀ tí wọn ò mọ̀, láàárín àwọn ọ̀tá.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mùsùlùmí ni àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ibẹ̀, àwọn tí ayé ń pè ní Rohingya lónìí. Wọ́n ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún àwọn méjèèjì. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn, Shuyiman, kó wọn wọ ilé ara rẹ̀ pátápátá. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Bí àwọn ará Japan bá wọlé tí wọ́n bá sójà níbẹ̀, gbogbo ilé náà ló máa ṣègbé. Kò gbọ́ èdè wọn tẹ́lẹ̀, kò jẹ wọ́n ní gbèsè, kò mọ ìdílé wọn. Oṣù mẹ́sàn-án! Oyún tí a bá lóyún rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn lu Fadoyebo, wọ́n á ti bí i kó tó jáde. Ìparí ọdún 1944 ni àwọn ọmọ ogun Òyìnbó padà dé ibẹ̀ tí wọ́n sì gbé wọn jáde. Èmùré-Ilé ò mọ̀ bóyá ó kú ni tàbí ó wà láàyè.

Ó padà sílé. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó bímọ, ṣùgbọ́n tíro ló ń tiro títí tó fi kú ní 2012. Ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, Yunifásítì Wisconsin l'Ámẹ́ríkà ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ẹ ò rí i pé Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ni wọ́n ti mọ iyì ìwé náà kó tó di pé ará ilé gbọ́. Ní 2011, akọ̀ròyìn ọmọ Òyìnbó kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà lọ́wọ́ Bàbá Fadoyebo, ó gbé e dé Bọ́mà, ó sì wá ilé Shuyiman títí tó fi rí i. Shuyiman ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà, àwọn ni ó jẹ́ iṣẹ́ náà fún. Kí ló wà nínú lẹ́tà? Ọpẹ́ ni. Lẹ́yìn ọdún 67, bàbá yìí ṣì ń wá ilé ẹni tó gbà á là, kó lè mọ àwọn ọmọ rẹ̀, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ dúpẹ́. Ìyẹn ló mọ bí a ṣe ń rántí èèyàn.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kú sí Bọ́mà láìní sàréè, orúkọ wọn wà lára òkúta ìrántí ńlá kan ní Taukkyan, nítòsí Rangoon. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ súnmọ́ 27,000, ọmọ Òyìnbó, ọmọ Íńdíà, ọmọ Áfíríkà. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan wà l'Ọ́yọ̀ọ́ tàbí ní Ìjẹ̀bú tó ń ka èyí lọ́wọ́, tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un nípa bàbá bàbá rẹ̀ kò ju "ó bá ogun lọ" lọ, tí orúkọ ọ̀hún sì wà lára òkúta ní ìlú òkèèrè, tí òjò ń pa á, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò mọ̀.

Àwọn yẹn ṣì ṣoríire. Ti ogun Jámánì àkọ́kọ́ burú jù. Òyìnbó kó aláàárù láti Nàìjíríà lọ sí Kamẹrúùnù, wọ́n kó wọn lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ẹrù ni wọ́n ń rù títí ebi àti àìsàn fi ń pa wọ́n. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó sàréè àwọn tó kú lójú ogun fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2021. Wọ́n jẹ́wọ́ pé ó kéré tán, 116,000 èèyàn ló kú nínú ogun yẹn tí wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kan, tàbí tí wọn ò rántí wọn rárá. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Kì í ṣe pé wọn ò rí òkúta. Wọ́n kàn wò ó pé àwọn yẹn ò tó ẹni tí à ń kọ orúkọ rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Àforíjì dára, ṣùgbọ́n orúkọ tó ti sọnù, ta ni yóò wá a rí?

L'Ékòó níbí, ère sójà kan wà ní Ìdúmọ̀tà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Sójà Ìdúmọ̀tà. Ẹni tó bá ń júwe ọ̀nà fún àlejò, òun ló fi ń ṣe àmì. Wọ́n ti gbé e kúrò. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, ariwo ọjà ni ẹ máa bá.

Ti Adékúnlé Fájuyì, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi í gùn. Àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Ironsi, ni wọ́n wá mú n'Íbàdàn ní 29 oṣù keje ọdún 1966. Fájuyì ò yọwọ́, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì pọ̀ ní Lálúpọn. Ikú yá ju ẹ̀sín. Gbọ̀ngán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ n'Ífẹ̀, títì ń jẹ́ ẹ n'Íbàdàn, pápá ìgbafẹ́ ń jẹ́ ẹ l'Ádó-Èkìtì. Ó tọ́ sí i, ó tilẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n gómìnà ni. Kọ́pùrù tó kú ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká jókòó tì nìyẹn, nítorí pé ikú sójà kò dúró sí Bọ́mà àti Biafra. Ní 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, bàálù Hercules àwọn ológun já bọ́ sínú irà ní Èjìgbò l'Ékòó, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó gbéra ní pápákọ̀ òfúrufú. Ó lé ní 150 èèyàn tó kú, àwọn ọ̀gá sójà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ ló pọ̀ jù. Ìyàwó tó jẹ́ ẹni 30 ọdún lọ́jọ́ yẹn ti kọjá 60 báyìí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun náà á ti ní ọmọ.

Ní 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n pa sójà 17 ní Òkúàmà ní ìpínlẹ̀ Delta, ọ̀gá 4, àwọn tó kù 13. Nígbà tí wọ́n ń sin wọ́n l'Ábùjá lóṣù náà, Ààrẹ Tinúbú wà níbẹ̀. Àwọn opó kan nínú wọn ti lóyún. Ààrẹ ní ìjọba máa fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilé, pé àwọn ọmọ wọn máa kàwé dé yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan èyí tó wà nínú oyún, àti pé kí àwọn ọ̀gá ológun rí i pé gbogbo owó tó tọ́ sí ìdílé wọn wọlé láàárín 90 ọjọ́. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ. Ìyàwó sójà mìíràn tí ọkọ rẹ̀ kú ní Borno ní òru kan tí kámẹ́rà ò sí níbẹ̀, ta ló máa ka 90 ọjọ́ fún òun?

Ẹ máa wò ó bí nǹkan ṣe ń lọ. Ọmọkùnrin kan wọ iṣẹ́ sójà ní ọmọ ọdún 20 tàbí 21. Àpọ́n ni. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù fún un pé kó kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò kàn sí bí ó bá kú, èyí tí Òyìnbó ń pè ní next of kin. Ta ni yóò kọ? Ìyá rẹ̀ ni, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó san owó iléèwé fún un. Kò burú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ó fẹ́yàwó. Wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n ṣe ìdána, wọ́n jẹ wọ́n mu, wọn ò dé kóòtù. Ó bí ọmọ kan, ó bí èkejì. Wọ́n gbé e lọ sí Màídúgùrì. Fọ́ọ̀mù wà níbi tó wà, kò padà lọ tún un kọ, bóyá nítorí ó gbàgbé, bóyá nítorí ẹ̀rù ń bà á pé ẹni tó bá ń tún irú fọ́ọ̀mù yẹn kọ ń pe ikú sí ara rẹ̀. Ikú ogun ní í pa akíkanjú, kò dúró de fọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹbí pé jọ. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló máa ń wáyé:

"Ìyàwó, a ti débẹ̀. Orúkọ ẹ ò sí níbẹ̀. Orúkọ màmá wa ló wà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ sà. Nígbà tí wọ́n kọ orúkọ màmá, a ò tíì pàdé."

"Ṣé o fẹ́ bá màmá du owó orí ọmọ wọn ni?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Màmá lọkọ mi, ìyá mi sì ni wọ́n. Owó iléèwé àwọn ọmọ ni mò ń wí. Wọ́n sì ti ní ká kó jáde ní báráàkì."

"A ó máa wò ó. Ìwọ ṣì kéré, o lè lọ́kọ."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ̀yin ọkùnrin ilé, ẹ máa rọra fi sẹ́nu. Ilé báráàkì kì í ṣe ogún, òótọ́ ni, sójà mìíràn ló ń dúró de yàrá náà. Obìnrin yìí á kó jáde tòun ti àwọn ọmọ, á lọ máa gbé ní yàrá kan lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá sójà náà ò jẹ̀bi o, òun ló bí i, ẹkún tirẹ̀ ò ní tán láéláé. Kódà ẹ̀gbọ́n ò fi gbogbo ara jẹ̀bi, nítorí ẹni tó ti fi owó oko rẹ̀ rán àbúrò níwèé náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ibi tó ti jẹ̀bi ni pé ó mọ̀ pé owó náà kì í ṣe tòun, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní olówó. Ìwé yẹn ń sọ ẹni tí wọ́n máa kàn sí. Kò sọ pé kí ẹni náà jẹ ẹ́ mọ́ àwọn ọmọ òkú lẹ́nu.

Nítorí náà, sójà tó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí ní báráàkì, tàbí tí ẹnì kan ń kà á sí létí lórí fóònù, kó tètè lọ wo fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kó rí i pé báráàkì mọ ìyàwó rẹ̀ lórí ìwé. Kó gba ìwé-ẹ̀rí ìbí fún gbogbo ọmọ, kó fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ìyàwó, kó fi ọ̀kan sọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán. Nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀, kí ìyàwó mọ̀ ọ́n sórí bí ó ṣe mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ opó ló ti dé ọ́fíìsì tí akọ̀wé bi í pé, "Màdáámù, nọ́ńbà sójà yín dà?" tí kò rí nǹkan kan sọ. Kíkọ orúkọ sílẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni rí. Fadoyebo kọ orúkọ, ó lo ọdún 68 sí i lẹ́yìn ọta ìbọn.

Àwọn tó padà bọ̀ láàyè náà, ojú wọn ò gbẹ. Láàárín ọdún 2022 sí 2025, ó lé ní ẹ̀ẹ̀kan tí àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì lọ dí ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìnáwó l'Ábùjá, pé kí wọ́n san owó àwọn fún àwọn. Àwọn bàbá tó ti dàgbà ni, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ṣáájú ọjọ́ ìrántí lọ́dọọdún, gómìnà á kó àwọn èèyàn jọ láti lẹ àmì ìrántí mọ́ àyà, àwọn olówó á dìde, wọ́n á máa kéde iye tí wọ́n fẹ́ dá fún ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Onílù á lù, atọ́kùn ètò á pariwo. Ó yẹ kí ìwé ìròyìn máa padà lọ lóṣù kẹfà lọ bèèrè èló nínú owó tí wọ́n kéde ló wọlé, èló ló sì dé ọ̀dọ̀ opó kan. Ìbéèrè yẹn ò bu ẹnikẹ́ni kù.

Láàárín báyìí sí ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní tó ń bọ̀, ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ilé tí sójà ti jáde tí kò padà wálé: Bọ́mà, Kóńgò, Biafra, Làìbéríà, Sàró, Borno, ibi yòówù kó jẹ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, agboolé rẹ̀, ìlú rẹ̀, ọdún tó wọ iṣẹ́ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ibi tí wọ́n ní ó kú sí, àti orúkọ tí àwọn ará ilé ń pè é. Bí oríkì rẹ̀ bá wà lẹ́nu ìyá àgbà kan, ẹ sáré gbà á lẹ́nu wọn kí ẹ kọ ọ́ sí i. Kò dìgbà tí ìwé bá yé èèyàn dáadáa kó tó kọ lẹ́tà, ọmọ iléèwé lè bá àgbà kọ ọ́. Ẹni tó bá ní fọ́tò, kó má ṣe fi ojúlówó ránṣẹ́ o, ẹ̀dà rẹ̀ ni kó yà, nítorí ilé mìíràn wà tó jẹ́ ẹyọ fọ́tò kan ṣoṣo ló kù, èyí tí sójà náà yà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un láṣọ.